Òkìtì Iyanrìn Tó Fojú Di Ọ̀gá Pátápátá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbọn ẹsẹ̀ yín dáadáa bí ẹ bá ń jáde nínú ìtàn yìí, nítorí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Aránṣọ ni mí. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe mọ ohun tí ọ̀gá ńlá kan rò nínú ọkàn rẹ̀, ohun tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ ní yàrá, àti ohun tí akọ̀wé rẹ̀ ń kùn sínú. Kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó ń wọn ìbàdí rẹ̀. Bí mo bá ti wé okùn ìwọn mọ́ ènìyàn nídìí, tí mo ní kó fa ikùn sínú díẹ̀, ṣe ni àṣírí á máa bá èémí jáde. Èyí tí wọn ò bá sì sọ fún mi, mo máa ń fi òye rán an pọ̀, ojú rírán mi kì í sì í sábà hàn.

Láàárín ìlú wa àti òkun, òkìtì iyanrìn kan wà tó ga ju òrùlé ilé lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn da iyanrìn bo ilé wa, òun ni kì í sì í jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú kànga nígbà tí òkun bá ń bínú. Ilé tó sún mọ́ ọn jù ni ti Ìyá Agbẹ̀bí, ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ kọ́. Nígbà tí òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í joro, ìyá ò lọ sí ọ́fíìsì kankan. Wọ́n gbé garawa, wọ́n wá koríko etí òkun lọ, wọ́n ń gbìn ín sórí iyanrìn ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n sì ń ri igi wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè máa dá iyanrìn dúró. Ẹnì kan ń kọjá lọ, ó bá wọn gbé garawa. Ẹnì kejì rí ẹni àkọ́kọ́, ojú tì í láti kọjá. Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ Ayípo ni wọ́n ń pè wá, nítorí òfin kan ṣoṣo tí a ní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun òkìtì náà. Ẹsẹ̀ ń pa koríko, ibi tí koríko bá sì ti kú ni atẹ́gùn ti ń wa ihò. Nítorí náà, bí òkun tilẹ̀ wà níwájú rẹ gbọnrangandan, o gbọ́dọ̀ yípo gba ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kí o rìn títí tí itan rẹ á fi máa bá ọ ṣẹjọ́, kí o tó dé ẹ̀gbẹ́ kejì. A ti yípo nínú òjò, a ti yípo nínú oòrùn. Onígbàjámọ̀ tilẹ̀ yípo lọ́jọ́ tí ajá ń lé e. Ajá náà ò sí nínú ẹgbẹ́, ó gba orí òkìtì kọjá, ó lọ dúró dè é níwájú.

Ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbàlagbà fi ń ṣe irú èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá bi wá ní gbangba, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí a ò tíì bí. Òótọ́ ibẹ̀ kéré sí i. Onígbàjámọ̀ wá nítorí pé gbogbo orí tó yẹ kó gé ní Sátidé ti wà nídìí òkìtì. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì wá nítorí ìyàwó rẹ̀ ní kó jáde kí òun lè gbálẹ̀, ilẹ̀ náà kì í sì í gbá tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Nọ́ọ̀sì wá nítorí pé koríko nìkan ni aláìsàn tí kì í pe ènìyàn láàárín oúnjẹ. Èmi wá nítorí ṣòkòtò mi. Aránṣọ tó bá ti tú ìbàdí ṣòkòtò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí aṣọ ò sì kù mọ́ láti fi kún un, ó yẹ kó wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo wa bá ara wa. Bí a bá ṣe tán, a máa ń mu tíì nílé Ìyá Agbẹ̀bí, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí ìjọba fi rán ọ̀gá kan sí wa. Ìlú wa ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti lọ sí olú-ìlú, ó sì ti gbé ẹni mìíràn wọ̀ bọ̀. Oyè rẹ̀ ni Olùdarí Pátápátá fún Ọ̀ràn Etí Òkun, Iyanrìn, àti Ohun Gbogbo Tó Ń Rìn Lórí Wọn. Àwa tí èémí wa kúrú ń pè é ní Ọ̀gá Pátápátá. Kì í jókòó kí akọ̀wé tó ka oyè yìí tán, bí akọ̀wé bá sì ṣì í kà, yóò dìde padà kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa mi orí nígbà tí ọ̀gá bá ń ronú. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ń ṣí sínú tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n yí i padà kó máa ṣí síta, kí àwọn tó bá dúró níbẹ̀ lè máa sún sẹ́yìn bí òun bá ń jáde bọ̀.

Àṣẹ tó ṣe pàtàkì jù ni ti àtẹ́wọ́. Ọ̀gá ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn kì í mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ òun bá dé ibi tó dùn. Ó wá pàṣẹ pé nígbàkúùgbà tí òun bá gbé ohùn sókè, kí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ pàtẹ́wọ́, bí ohùn náà bá sì ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni kí àtẹ́wọ́ máa le sí i. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ra. Lọ́jọ́ kan, agbálẹ̀ da omi sí bàtà rẹ̀, ọ̀gá gbé ohùn sókè bú u, gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́, agbálẹ̀ pàápàá sì gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bá wọn pàtẹ́wọ́. Ẹ bá mi fi àtẹ́wọ́ yìí sọ́kàn, àti ilẹ̀kùn náà, nítorí a ó nílò wọn níwájú.

Ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn ni ọ́fíìsì yìí wà, ó kángun sí ilé Ìyá Agbẹ̀bí. Wọ́n ti ṣèlérí fún ọ̀gá pé láti orí àga rẹ̀ ni yóò ti máa wo òkun. Ó jókòó, iyanrìn ló rí. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà kó gbé àga sókè. Káfíńtà gbé e sókè títí ẹsẹ̀ ọ̀gá ò fi kanlẹ̀ mọ́, tí wọ́n ní láti kan àkàsọ̀ kékeré sí i, tí àwọn àlejò sì ń bá ihò imú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, iyanrìn náà ló ń rí. Ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òkìtì kan wà níwájú òun tó ń ṣe ìgbéraga. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi, nígbà tí mo ń wọn búláòsì rẹ̀, pé òun ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ìlú yẹn ò ní lè gba àwọn méjèèjì.

Ohun kejì tó ń bí i nínú ni àwa. Láti ojú fèrèsé ló ti ń wò wá ní Sátidé. A ò gba àṣẹ, a ò gba owó oṣù, a sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tirẹ̀ ń gba méjèèjì. Ó ronú sí i, òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì mi orí sí i, títí ó fi parí ọ̀rọ̀ sí pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láìgba nǹkan kan, ipò ẹlòmíràn ló ń wá. Ó gbé Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìdí kalẹ̀. Òun ni alága, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ tó ń mi orí ni ọmọ ìgbìmọ̀. Wọ́n ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Onígbàjámọ̀ wọlé, ó dá a lábàá fún ọ̀gá pé irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti gùn. Wọ́n lé e jáde. Awakọ̀ ní ìyàwó òun ló rán òun, wọ́n sì béèrè ipò tí ìyàwó náà ń wá. Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ràn kí òun fi ọwọ́ tọ́jú nǹkan kó sì yè, ọ̀gá ní èyí jọ ìfisùn sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ó wá kan èmi. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ṣòkòtò mi. Mo ti la ẹnu tán kí n tó rí bí ọ̀gá ṣe ga tó lórí àga yẹn, ni nǹkan mìíràn bá jáde.

"Ọlọ́lá jùlọ," mo ní, "bí mo bá wo òkun, ìtẹ́ ni mo ń rí. Mo ń gbin koríko kí àwọn ọmọ-ọmọ wa lè mọ̀ pé a gbé ayé rí, àti pé nígbà ayé wa, a ní olórí."

N ò mọ ibi tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ti wá títí di òní. Ọ̀gá nu omijé ojú rẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé tún un kà sí òun létí. Lójú ẹsẹ̀, ó fi mí jẹ Akọni Etí Òkun, ó fi àmì ẹ̀yẹ onírin kọ́ mi láyà, ó sì ní kí n rán kóòtù kan fún òun, kí èjìká rẹ̀ gbòòrò bí èjìká ẹni tí ìlú dúró lé. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bọ́ àmì náà sí àpò. Ṣùgbọ́n mo fi kọ́ àyà lọ sílé, mo sì gba ọ̀nà tó gùn jù kí ojú púpọ̀ lè rí i. A kì í pè wá ní Ayípo lásán.

Ìyá Agbẹ̀bí ni wọ́n pè kẹ́yìn. Ọ̀gá bi wọ́n ní ìdí.

"Ilé mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀," ni wọ́n sọ. "Bí òkìtì bá lọ, ilé á lọ."

Ọ̀gá Pátápátá lu tábìlì. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ti rí ọ̀daràn. Ó sọ̀rọ̀ gígùn lórí ìmọtara-ẹni-nìkan, ó ní nínú gbogbo àwa tí a wá, ẹni kan ṣoṣo ló jẹ́wọ́ pé èrè ara òun lòun ń wá, ó sì pàṣẹ pé kí ìyá má ṣe fọwọ́ kan òkìtì ìjọba mọ́ láìgba àṣẹ. Àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kejì kó tó parí. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí: gbogbo wa parọ́, a lọ sílé, ẹni tó sọ òótọ́ ni wọ́n fòfin dè.

Kò pẹ́ sí àsìkò yẹn ni ìròyìn dé pé ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ ń bọ̀ láti olú-ìlú wá wo etí òkun wa. Àlejò yìí ló ń gbé àwọn ènìyàn sókè, òun náà ló sì ń sọ wọ́n kalẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá ò sùn mọ́. Ó fẹ́ mú àlejò náà láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ títí dé bèbè omi, lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa. Akọ̀wé rọra sọ pé ó di dandan kí wọ́n yípo gba ìsàlẹ̀.

"Yípo?" ọ̀gá ní. "Ṣé kọ̀rọ̀ ni kí n máa mú àgbà ìjọba gbà, bí ẹni ń sá fún olówó? Ìjọba kì í yípo. Ìjọba a máa lọ tààrà."

Ó ní kí wọ́n gbé katakata wá, kí wọ́n la òkìtì náà sí méjì láti ojú ilẹ̀kùn òun dé etí omi. Ọ̀nà náà yóò fẹ̀ tó kí àwọn lọ́gàálọ́gàá lè máa rìn níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ yóò sì jókòó lórí àga gíga rẹ̀, yóò máa wo òkun. Ẹni tó ń mi orí mì í títí ọrùn fi ń dùn ún.

Bí Ìyá Agbẹ̀bí ṣe gbọ́, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ síbi ọ̀wọ̀, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Orí àkàsọ̀ ni mo dúró sí, mo ń wọn èjìká rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," ìyá ní, "ibi tí ẹ fẹ́ là yẹn, ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni. Bí atẹ́gùn bá fi lè rí ojú ọ̀nà, yàrá mi ló ń bọ̀. N ò níbòmíràn tí mo lè lọ."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ọ̀gá dáhùn láti òkè. "Ọ̀nà tó lọ tààrà kì í pa ènìyàn lára."

Ìyá gbé ojú sókè wò ó. "Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo gbẹ̀bí yín? Ńṣe lẹ dábùú nínú ìyá yín. Ẹ fẹ́ gba ibi tí ọ̀nà ò sí jáde. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń yí yín díẹ̀díẹ̀ títí orí fi rí ọ̀nà. Ká ní a ò yípo lọ́jọ́ náà ni, kì bá sẹ́ni lórí àga yìí."

Mo gbé ẹ̀rín mì. Etí ọ̀gá gbóná débi pé mo mọ̀ ọ́n lára okùn ìwọn mi. Ó gbé ohùn sókè pé kí ìyá jáde, àwọn tó wà ní yàrá kejì sì pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá arúgbó ṣe gba àárín àtẹ́wọ́ kọjá lọ sílé tòun ti omijé lójú. Ó wù mí kí n sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. Ẹ ó ní mo lè yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kí n tó sọ̀rọ̀, bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn nígbà tí mo délé.

Katakata dé, ó la òkìtì. Koríko tí a fi gbogbo Sátidé wa gbìn di kòtò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀gá jókòó, ó rí òkun, ó sì ní ó kéré sí bí òun ṣe rò. Òkun pàápàá sì rí i. Nígbà tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, iyanrìn kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì díẹ̀, bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ní òkun ló rán an wá kí ọ̀gá. Iyanrìn wọ inú tíì ọ̀gá, wọ́n ní ó dára fún eyín. Ó wọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó wọ inú aago ògiri, aago kú, wọ́n ní àkókò pàápàá ń dúró gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó wọ inú bàtà rẹ̀, ọ̀gá gbé ìkìlọ̀ jáde pé iyanrìn ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Wọ́n lẹ ìkìlọ̀ náà mọ́ ilẹ̀kùn. Iyanrìn ha á títí ìwé fi funfun padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé Ìyá Agbẹ̀bí kì í ṣe ẹ̀rín. Iyanrìn gun ògiri ẹ̀yìn, ó dé ojú fèrèsé, ó sì wọ yàrá tí wọ́n ń sùn. Wọ́n gbé ibùsùn wọn wá sí yàrá àárín. Láti ìgbà tí katakata ti dé ni wọ́n ti fòfin de àwa náà lórí òkìtì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dè wá lọ́nà ilé ìyá, nítorí náà ibẹ̀ là ń lọ ní Sátidé, tàwa ti ṣọ́bìrì. Bí a bá kó garawa kan jáde, atẹ́gùn á gbé méjì wọlé. Ògiri yàrá náà sán. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mo sì mọ̀ pé bí mo ti ń kó iyanrìn lójúmọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń rán kóòtù ẹni tó rán iyanrìn wá. Mo fi òwú àti tìmùtìmù sí èjìká kóòtù náà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì lè sùn lé e.

Ọjọ́ àlejò kò. Wọ́n ta àtíbàbà síwájú ọ́fíìsì, kápẹ́ẹ̀tì pupa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé etí omi, àlejò àgbà sì jókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ gbogbo èrò ní òfin àtẹ́wọ́. Ọ̀gá Pátápátá wà nínú ọ́fíìsì, kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti tilẹ̀kùn mọ́ra. Ètò rẹ̀ ni pé akọ̀wé yóò ka oyè òun pẹ̀lú àwọn àfikún tuntun tí òun kọ fúnra òun, bó bá sì ti kan ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ilẹ̀kùn yóò ṣí gbàgà, òun yóò yọ.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn náà bẹ̀rẹ̀. Ó gba ọ̀nà tààrà tí ìjọba là fún un, ó ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ó sì ń kó iyanrìn bọ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Oyè yẹn gùn, ẹ̀yin ènìyàn. Nígbà tí akọ̀wé dé ìdajì rẹ̀, iyanrìn ti dé orúnkún ilẹ̀kùn. Nígbà tó dé àfikún tuntun, ó ti bo ihò kọ́kọ́rọ́. Ó ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò mira. Ó fi èjìká tì í, tìmùtìmù mi dá a padà.

Ó kígbe pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ó kígbe sí i, ó ní iyanrìn ti dí òun mọ́lé. Àtẹ́wọ́ le sí i. Àlejò àgbà, tó ń fi ẹ̀wù nu ojú, sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ohùn rẹ̀ ń wọni lára. Ọ̀gá sáré sí fèrèsé ẹ̀yìn, ó yọ orí àti apá kan, ìyókù há nítorí èjìká kóòtù. "Ẹ gbà mí," ó ń pariwo, "mo bẹ yín, ẹ gbà mí." Gbogbo èrò dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Akọ̀wé mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ló ba òun, nítorí kò sí àṣẹ kankan lórí bí a ṣe ń dá àtẹ́wọ́ dúró.

Àwa wà nílé Ìyá Agbẹ̀bí, à ń kó iyanrìn, nígbà tí a gbọ́ igbe náà. Ìyá nìkan ló mọ irú igbe tó jẹ́. Wọ́n ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n sì kọjú síbẹ̀. A tẹ̀ lé wọn. Onígbàjámọ̀ fẹ́ kí a sáré gba ojú kòtò kọjá, ìyá wò ó, a yípo.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ojú ọ̀gá ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, iyanrìn kún ẹnu rẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára ti ara rẹ̀ síwájú. Ìyá Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kejì di èjìká rẹ̀ mú.

"Má tì í mọ́," ni wọ́n sọ jẹ́ẹ́. "O ò lè gbabẹ̀ jáde tààrà. Sọ èjìká ọ̀tún sílẹ̀. Yí díẹ̀. Yípo, ọmọ mi, yípo."

Ó yí. Ojú rírán kóòtù mi tú láti ọrùn dé ìdí, òwú fò káàkiri, Ọ̀gá Pátápátá sì jáde, orí ló kọ́kọ́ yọ, ó bọ́ sọ́wọ́ ìyá, ó ń ké. Iyanrìn ojú ló ń mú un ké, ṣùgbọ́n igbe ni igbe ń jẹ́. Àwọn ènìyàn níwájú gbọ́ ọ, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Iyanrìn ò jẹ́ kí àlejò àgbà ríran mọ́, fífà ni wọ́n ń fà á lọ́wọ́ lọ sínú ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ta ló la ihò yìí? Akọ̀wé, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú rí láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, na ìka. Ó ní, "Òun ni."

Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọn ò tún fi í sí òmíràn. Ọ̀gá tuntun tí wọ́n rán wá ò fẹ́ràn òkun, ó kọjú àga sí ògiri. Àga gíga ti wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ báyìí, ó rọ àwọn tó ń gé irun lọ́rùn. Àwa padà sí òkìtì, à ń di ojú kòtò náà pẹ̀lú igi àti koríko. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ga. Ilé Ìyá Agbẹ̀bí dúró, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn wó, a ò rí i gbà là, yàrá méjì ló kù tí wọ́n ń gbé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. A kàn máa ń rí i pé wọ́n máa ń kẹ̀yìn sí ibi tó wó bí wọ́n bá ń da tíì fún wa.

Ní Sátidé kan, ẹnì kan dúró ní ìkángun ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ò kọ́kọ́ dá a mọ̀ nítorí pé láìsí àga gíga rẹ̀, kò ga mọ́. Ojú kòtò wà níwájú rẹ̀, ibi tó kù tí a ò tíì dí, ó lè fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ dọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa dáwọ́ iṣẹ́ dúró, à ń wò ó. Ó wo kòtò náà. Lẹ́yìn náà ló yà, ó gba ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ní ó ti lọ sílé. Kò lọ. Ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń mí gúlegúle, àágùn bò ó. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó sì wúkọ́ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ìdí tí mo fi wá—"

"A kì í bi ara wa ní ìdí níbí," Ìyá Agbẹ̀bí dá a lóhùn. Wọ́n na ìdì koríko kan sí i. "Omi wà nínú garawa yẹn. Ibi tí koríko rẹ á wà, iwájú yàrá mi tó wó ni."

Ó kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n fi hàn án, ó wa ihò, ó gbin koríko kan, ó wọ́ díẹ̀ sí apá kan. Ó tẹ iyanrìn mọ́ ọn nídìí pẹ̀lú ìka méjì. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń retí àtẹ́wọ́.

Atẹ́gùn ń fẹ́. Èmi Akọni Etí Òkun wo iwájú mi, mo rí i pé ọwọ́ mi méjèèjì ti gbéra nílẹ̀, wọ́n ti kọjú síra. Mo tì wọ́n bọ inú iyanrìn dé ọrùn ọwọ́, mo sì ń wá koríko tó kàn láti gbìn.